Ibo Ló Yẹ Kí Ẹ Ti Ṣe Ìwádìí Ìtàn Yorùbá? Ìfiwéra Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Ìlọrin, Ìlú Ọba, Bahia àti Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìtàn, tó sì fẹ́ tẹ̀síwájú, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé yunifásítì wo ló dára jù. Èmi kì í dáhùn ìbéèrè yẹn títí ẹni náà yóò fi sọ ìtàn tó fẹ́ kọ fún mi. Kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn kan tó mọ gbogbo ayé tán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní agbègbè tó ti ń tú wò láti ọdún pípẹ́: ibẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ gbówọ́ sí, ìwé ibẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ti là ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Yunifásítì tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo ayé lè má wúlò rárá fún ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìtàn àwa Yorùbá ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n níbí, mo sì mú ìbéèrè mẹ́ta dání láti fi dán ibùdó kọ̀ọ̀kan wò. Èkíní: ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, báwo ni wọ́n ṣe parí rẹ̀? Èkejì: kí ló dé bá àwọn ará Kétu àti àwọn aládùúgbò wọn nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá ní 1889? Ẹ̀kẹta: àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, irú ayé wo ni wọ́n gbé níbẹ̀, àwọn wo ló sì padà wálé tí a ń pè ní Àgùdà? Bí ìbéèrè tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi rọ́pò tèmi bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun tó wúwo jù ni ibi tí ìwé wà àti ibi tí ẹnu wà. Ìwé ni fáìlì ìjọba amúnisìn, lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹnu ni arọ́kin, àwọn baálé, àwọn ìyá tó mọ oríkì ìdílé dénú. Bí ìwé yín bá wà nítòsí, ẹ lè padà síbẹ̀ nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ tuntun bá yọjú, ọ̀rọ̀ tuntun kò sì ní ṣàìyọjú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba físà kí ẹ tó rí i, ohun tí ẹ kò bá rí lọ́jọ́ náà lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ pátápátá.

Lẹ́yìn èyí ni alábòójútó. Ẹ má wo orúkọ ẹ̀ka nìkan. Ẹ wo ẹni tó wà lórí àga lónìí, kí ẹ wo ohun tó ti kọ láìpẹ́, kí ẹ sì wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni 70 ọdún ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń fẹ̀yìntì. Bí tiyín bá ti pé 68, ẹ tètè béèrè ẹni tí yóò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ló ti dúró lójú kan nítorí pé alábòójútó lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ nípa agbègbè náà.

Owó àti ọdún ń rìn pọ̀ ni. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ lẹ ó kà o. Ẹ ka owó ilé gbígbé, owó ọkọ̀ lọ sí ibi ìwé, àti ọdún tí ẹ ó fi wà láìníṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ bi ara yín pẹ̀lú bóyá ibẹ̀ ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé: bí wọ́n bá ní ọdún 3, ṣé ọdún 3 ni yóò jẹ́ lóòótọ́? Níkẹyìn, èdè. Ìtàn Kétu kò ṣe é kọ dáadáa láìgbọ́ Faransé, ìtàn àwọn nagô, ìyẹn àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil, kò sì ṣe é kọ láìka èdè Potogí.

Ìbàdàn

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti jà kí ìtàn Áfíríkà lè di ìtàn àwọn ará Áfíríkà fúnra wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lábẹ́ Yunifásítì London ni wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948. Ní 1962 ló di yunifásítì tó dá dúró. Ní ayé ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Áfíríkà ni ohun tí òyìnbó wá ṣe níbí. Kenneth Onwuka Dike, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní King's College, London, ní 1950, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwọn ará ilẹ̀ náà gan-an ni kí a fi ṣe àárín gbùngbùn ìtàn náà, kí a sì gba ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Òun kan náà ló ṣe agbátẹrù National Archives, ibùdó tí wọ́n kó àwọn ìwé ìjọba sí kí ikán má baà jẹ wọ́n tán. Ní 1955, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà sílẹ̀. J. F. Ade Ajayi gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde ní 1965, J. A. Atanda gbé tirẹ̀ lórí Ọ̀yọ́ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1973. Bolanle Awe, tó kọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Oxford lórí bí Ìbàdàn ṣe di alágbára ní ọ̀rúndún 19, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìyẹn ló mú kí ẹ̀ka náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìtàn ìjọba, ogun àti ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún 19 àti 20.

Ohun tí kò sí níbòmíràn ni pé inú ọgbà yunifásítì gan-an ni National Archives wà. Ẹ lè kúrò ní kíláàsì kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ wo ìwé atọ́ka: CSO 26 ni fáìlì tó wá láti ọ́fíìsì àgbà ìjọba ní Èkó, Oyo Prof, Ije Prof, Abe Prof, Ondo Prof ni ti àwọn ẹkùn. Ẹ ó kọ nọ́ńbà sórí ìwé pélébé kan, òṣìṣẹ́ yóò lọ bá yín gbé e wá. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ má kàn ka lẹ́tà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kí ẹ sì sáré ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi yíǹkì kọ sílẹ̀ níwájú fáìlì: D.O., òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, kọ ohun tó rò nípa ọba ìlú kan, ọ̀gá rẹ̀ fèsì sábẹ́ rẹ̀ pé òun kò gbà, ẹnìkan tún fi ìlà méjì dá sí i. Níbẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ti ń bá ara rẹ̀ jiyàn, àríyànjiyàn yẹn sì kì í sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìròyìn tí àwọn D.O. kọ nípa ìlú kéékèèké ní nǹkan bí 1930 lọ sókè náà wà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń joyè, àwọn ìdílé tó ń jọba, ilẹ̀ ta ni. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ oyè ló sábà máa ń sọ ìtàn fún D.O., kò sì sẹ́ni tó ń sọ ìtàn tó máa ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ilé ìkàwé yunifásítì náà, tí wọ́n fi orúkọ Dike sọ, ló ni àwọn ìwé Herbert Macaulay lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń kọ nípa òṣèlú Èkó tàbí ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó, kò lè fo ibẹ̀.

Kí ni Ìbàdàn ṣe fún ìbéèrè mi mẹ́ta? Ti Kírìjì, ó pọ̀: àwọn ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips wà ní National Archives níbẹ̀, Phillips sì ni òun àti Samuel Johnson tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sáàárín àwọn ọmọ ogun méjèèjì ní 1886. Ti Kétu, ìdajì ni, ìyẹn apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ti Brazil, díẹ̀ ni.

Ẹ̀dùn ọkàn ibẹ̀ kò kéré. Iná mànàmáná lè lọ nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé lọ́wọ́. Fáìlì tó wà nínú ìwé atọ́ka lè má sí lórí pẹpẹ. Àwọn míràn ti gbẹ débi pé bí ẹ bá ṣí wọn, etí wọn á máa bọ́ sílẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, ó sì ń dunni, nítorí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gbé àwọn yunifásítì tì láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá 2020, ó tún gbé wọn tì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ kì í ti ilẹ̀kùn National Archives. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n a fi àkókò yẹn ka fáìlì. Bí a bá ro owó pọ̀, èmi kò mọ ibi tó rọjú tó Ìbàdàn fún ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀rúndún 20.

Ifẹ̀

Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yunifásítì yìí ní 1962, wọ́n kó o lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ó sì di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Àwọn méjì tó fún ẹ̀ka ìtàn ibẹ̀ ní àwọ̀ rẹ̀ ni I. A. Akinjogbin, tó kọ ìtàn Dàhòmì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ láti 1708 sí 1818, àti S. A. Akintoye, tí ìwé rẹ̀ ti 1971 tú ogun Èkìtì Parapọ̀ palẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Toyin Falola ti kẹ́kọ̀ọ́ kó tó gba Amẹ́ríkà lọ.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ojú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lẹ fẹ́ fi wo Kírìjì, Ifẹ̀ ló yẹ yín. Ilẹ̀ tí wọ́n ti jagun náà, láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, kò jìnnà síbẹ̀, àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn ṣe balógun ṣì ń pa ìtàn rẹ̀. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ibẹ̀, tí Wande Abimbola àti Akinwumi Isola ti ṣiṣẹ́, yóò kọ́ yín bí a ṣe ń gba oríkì sílẹ̀, tí a sì ń tú u. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń gba oríkì sílẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀rọ̀ rédíò, wọn kò mọ̀ pé oríkì kì í to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ọdún ṣe ń tẹ̀ lé ọdún.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ ti wà ṣáájú kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa náà níláti ro Ifẹ̀ dáadáa. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ni ìwé. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ni orí idẹ ti ń jáde nílẹ̀. Ní Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀-wádìí ti rí i pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí fúnra wọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15.

Àléébù Ifẹ̀ ni pé fáìlì ìjọba kò sí níbẹ̀. Ẹ ó máa wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó sì ka owó ọkọ̀ náà mọ́ ọn.

Èkó

Ohun tí Yunifásítì Èkó gbówọ́ sí jù nínú ìmọ̀ ìtàn ni ààlà. A. I. Asiwaju ló fi orúkọ ibẹ̀ hàn: ìwé rẹ̀ ti 1976 mú àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn láti 1889 sí 1945, ó fi àwọn tó bọ́ sábẹ́ Faransé wé àwọn tó bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹbí kan náà, èdè kan náà. Ààlà sọ wọ́n di ará ìlú méjì. Ó fi hàn bí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti kíkó àwọn ọmọkùnrin sójú ogun ṣe lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lábẹ́ Faransé wá sí apá Nàìjíríà. Fún ìbéèrè mi kejì, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Láti Èkó, Ìdiróko wà nítòsí, Pọ́tónófò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ibùdó ìwé àtijọ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà. Faransé ni gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá láti Yunifásítì Abomey-Calavi gan-an ní àǹfààní tí àwa kò ní níbí, nítorí òun gbọ́ Faransé àti Yorùbá pọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ìtàn yìí ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Ìtàn ìlú Èkó náà wà níbẹ̀: bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi àgbá wó o ní 1851, bí wọ́n ṣe gbà á ní 1861, Tinúbú, Kòsọ́kọ́, àti Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó padà wálé láti Brazil. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ibùdó ìwé àtijọ́ tirẹ̀. Àdánù ńlá ni pé ní oṣù kẹwàá 2020 wọ́n sun Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà ní Ìgbòṣẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ẹjọ́ sì bá a lọ. Ìwé ẹjọ́ àtijọ́ ni ohùn àwọn obìnrin, àwọn ẹrú àti àwọn ọlọ́jà ti máa ń hàn jù, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ fi ẹjọ́ ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tó kù kó tó fọwọ́ sí àkòrí.

Ilé gbígbé ní Èkó wọ́n ju ti Ìbàdàn àti Ifẹ̀ lọ. Ẹ má fojú kéré ìyẹn.

Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ sọ nípa Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú wàhálà. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbómìnà àti àwọn Òkun tó wà ní Kàbbà, apá Àríwá ni wọ́n kà wọ́n mọ́. Torí náà fáìlì wọn kò sí ní Ìbàdàn. National Archives ní Kàdúná ni wọ́n wà. Ọmọ Ìgbómìnà tó bá fi orúkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn nítorí pé ìwé wà nínú ọgbà yóò rí i pé ìwé ìlú òun kò sí níbẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ti mọ ọ̀nà Kàdúná dunjú, ó sì sún mọ́ àwọn ìdílé aláàfáà tí wọ́n ní ìwé Lárúbáwá lọ́wọ́. Ẹ kọ́ Lárúbáwá ṣáájú. Àwọn kan ṣì ń sọ pé Ìlọrin kì í bá ASUU yanṣẹ́ lódì. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2001, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ti kọjá.

Birmingham àti London

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba: ìwé àtijọ́ wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tiwa. Àwọn ìwé CMS, ìjọ míṣọ́nnárì tó rán Crowther àti Townsend wá, wà ní ilé ìkàwé Cadbury ní Yunifásítì Birmingham. C A2 ni ẹ ó béèrè fún ohun tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá títí dé 1880; G3 A2 ni fún ohun tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló kọ wọ́n o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn Sàró tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú àti àwọn ọmọ wọn, ìjọ sì béèrè pé kí wọ́n máa kọ ìwé ohun tí wọ́n rí lójoojúmọ́ ránṣẹ́ sí London. Bí olórìṣà kan bá bá wọn jiyàn lójà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn ológun bá kọjá, wọ́n kọ ọ́. J. D. Y. Peel fi àwọn ìwé yìí kọ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti 2000 lórí bí ẹ̀sìn Kristi àti orúkọ Yorùbá ṣe jọ dàgbà. Fún Kírìjì, Johnson fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, ọkùnrin tó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì gbé e jáde ní 1921.

Birmingham tún ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá èyí mu. John Fage dá ibùdó ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1963, Karin Barber tó ṣiṣẹ́ lórí oríkì ní Òkukù sì kọ́ni níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní London, SOAS, ilé-ẹ̀kọ́ Yunifásítì London tó ń kọ́ni nípa Áfíríkà àti Éṣíà, ló ní ìwé àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì. Ní Kew, níbi tí ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, CO 147 ni lẹ́tà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti London láti 1861. Ọ̀fẹ́ ni káàdì ìkàwé ní Kew, wọ́n sì gbà yín láyè láti fi fóònù yín ya ojú ìwé láìsan kọ́bọ̀.

Wàyí o, owó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun ń san ju 15,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, owó oúnjẹ àti ilé kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Commonwealth wà, Chevening wà fún másítà ọlọ́dún kan, àwọn tó ń dù wọ́n sì pọ̀ bí eṣú. Láti oṣù kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ másítà tó ń lọ kíláàsì kò lè mú aya tàbí ọmọ lọ mọ́. Ẹni tó ń ṣe oyè ìwádìí, tàbí ẹni tí ìjọba fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ló lè mú wọn. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ọdún tí wọ́n dá ni wọn kì í sábà yẹ̀: másítà ọdún 1, oyè ọ̀mọ̀wé ọdún 3 sí 4.

Èrò tèmi rèé. Bí kò bá sí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tó bo gbogbo owó náà, ẹ má lọ gba oyè níbẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nílé, kí ẹ wá owó ìrìn-àjò ìwádìí olóṣù díẹ̀, kí ẹ lọ ya ìwé tí ẹ nílò, kí ẹ sì padà wá kà á nílé, níbi tí ẹ ti lè béèrè lọ́wọ́ àgbà ìlú pé ta ni ẹni tí míṣọ́nnárì náà dárúkọ. Ẹni tó bá jókòó sí Birmingham nìkan lè máa fi ojú ìjọ wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láìfura. Bí ẹ bá sì máa lọ, ẹ rántí pé Peel ti kú ní 2015. Ẹni tó wà lórí àga báyìí ni kí ẹ wádìí nípa rẹ̀.

Bahia

Ìbéèrè mi kẹta, Salvador, olú ìlú Bahia ní Brazil, ni ìdáhùn rẹ̀ wà, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ibẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia, UFBA, bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Ní 1959 wọ́n dá CEAO sílẹ̀ níbẹ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn. João José Reis ni ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ tó kọ ìtàn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê, àwọn Mùsùlùmí, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira, tí wọ́n dìde ní Salvador ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kìíní 1835, nígbà tí oṣù Ramadan ń parí lọ.

Ìwé ìgbẹ́jọ́ wọn wà ní ibùdó ìwé àtijọ́ ìpínlẹ̀ Bahia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890. Adájọ́ bi ẹni tí wọ́n mú léèrè orílẹ̀ tó ti wá. Ọ̀pọ̀ dáhùn pé nagô ni òun. Nagô ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, ó dá orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́, lẹ́yìn náà ló dá ti ilé. Àwọn tírà tí wọ́n gbà lára wọn, ìwé Lárúbáwá tí wọ́n ká wẹ́wẹ́, ṣì wà. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìwé wọ̀nyẹn lè gbọ́ orúkọ kan nínú àkọsílẹ̀ akọ̀wé Potogí kó sì mọ ohun tó jẹ́, níbi tí ẹlòmíràn yóò ti kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ibẹ̀ nílò wa. Ìwé òmìnira tí ẹrú fi owó ara rẹ̀ rà náà wà nínú ìwé àwọn nọ́tárì. Pierre Verger, tó ń gbé Salvador láti 1946, tó sì di Fátúmbí nílẹ̀ wa, fi ìwé ẹ̀gbẹ́ òkun méjèèjì kọ ìtàn òwò ẹrú láàárín Bahia àti etíkun wa ní 1968.

Yunifásítì ìjọba ní Brazil kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí àlejò. Másítà jẹ́ ọdún 2, oyè ọ̀mọ̀wé ọdún 4. CAPES àti CNPq, àjọ ìjọba Brazil méjì, ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó oṣù, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́ra ná an yóò jẹun. Ohun tó ń dènà ni èdè. Ẹ ó ṣe ìdánwò ìwọlé ní Potogí, ẹ ó kọ iṣẹ́ yín ní Potogí, ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn akọ̀wé ọ̀rúndún 19 sì le kà fún ọmọ onílẹ̀ pàápàá. Ẹ ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún èdè kí ẹ tó gbìyànjú rárá.

Amẹ́ríkà

Ìwé ilẹ̀ wa kò pọ̀ ní Amẹ́ríkà bí ti Birmingham, ṣùgbọ́n owó wà. Ẹ̀ka tó dára níbẹ̀ máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, á sì tún fún un ní owó oṣù, òun náà yóò máa ran ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ ní kíláàsì. Falola ti wà ní Yunifásítì Texas ní Austin láti 1991. Northwestern ní ilé ìkàwé Herskovits, tí gbogbo ìwé inú rẹ̀ jẹ́ ti Áfíríkà. Wisconsin ni Jan Vansina ti kọ́ àìmọye ènìyàn bí a ṣe ń yẹ ìtàn àtẹnudẹ́nu wò. Ọdún 5 sí 7 ni, nítorí wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ yín ní kíláàsì fún ọdún méjì, wọ́n á dán yín wò lórí agbègbè méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ni lókè òkun, tàbí tó fẹ́ fi ìtàn Yorùbá wé ti Haiti tàbí Cuba, ìyẹn dára fún un. Ẹni tó ti mọ ìbéèrè rẹ̀ tó sì fẹ́ tètè parí, yóò pẹ́ jù fún un. Òfin físà sì ń yí padà. Ẹ wo ti ọdún tí ẹ fẹ́ lọ.

Ta ló yẹ kó lọ síbo

Bí ìtàn ìlú yín láàárín 1900 sí 1960 lẹ fẹ́ kọ, tí ìlú náà sì wà ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Ondo tàbí Èkìtì, Ìbàdàn ni kí ẹ lọ láìwẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ Kwara tàbí Kogi, Ìlọrin ni, kí ẹ sì fi owó Kàdúná sí àpò.

Ogun àti ìlú ọ̀rúndún 19, láàárín Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni kí ẹ ti yàn: Ìbàdàn bí lẹ́tà lẹ fẹ́ gbára lé, Ifẹ̀ bí ẹnu àti ilẹ̀ ni. Àpapọ̀ tó wù mí jù fún Kírìjì ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Ifẹ̀, kí ẹ ní alábòójútó kejì ní Ìbàdàn, kí ẹ sì rí oṣù mélòó kan lò ní Birmingham.

Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìmẹ̀kọ, Badagry: Èkó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́ Faransé débi tí ẹ lè ka lẹ́tà gómìnà láìwo ìwé atúmọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ní ìdílé ní Èkó kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì wa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní fi gbogbo àkókò rẹ̀ sí i, ìwé Pópó Àgùdà sì wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó ń gbé ìsàlẹ̀ Èkó lónìí.

Àwọn nagô ní Brazil: Salvador. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa àwọn tó padà wálé, ẹ fi Èkó kún un.

Ẹni tó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tó pé sí Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, kó lọ, kó sì béèrè kó tó fọwọ́ sí i pé ṣé owó náà gbà pé kí òun wà nílé fún ọdún kan gbáko láti ṣe ìwádìí. Bí wọn kò bá gbà, kó tún un rò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní ìbéèrè kan pàtó, ẹ má san owó fọ́ọ̀mù níbikíbi lọ́dún yìí. Ẹ lọ sí National Archives tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè ìwé atọ́ka ẹkùn tí ìlú yín wà, kí ẹ ka orúkọ fáìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá dá yín dúró, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n gbé e wá. Lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà fáìlì náà sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀ àti ohun tí kò yé yín.